Ilé Tí Ìka Ti Ń Kàwé: Ìrìnàjò Mi sí New York

Ọmọ tí kò bá tí ì dé oko baba ẹlòmíràn ni í wí pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Èmi tí mo sì ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìwé ní Ìbàdàn Mèsì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, tí mo ti fi ọwọ́ ara mi to ìwé sí pẹpẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo ti gbà lọ́kàn mi pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè fi hàn mí nípa ilé ìkàwé tí n kò tí ì rí. Ilé tí a kó ìwé sí, àga tí a fi jókòó, ẹnì kan tí ń wí pé kí ariwo dẹ̀: mo rò pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrìnàjò tí mo rìn lọ sí ìlú New York ní oṣù kẹwàá ọdún tí ó kọjá ni ó yí èrò náà padà, kì í sì í ṣe àwọn ilé gogoro tí ń fẹnu kan sánmà ni ó yí i padà, bí kò ṣe ilé kan ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní West 20th Street, ní Manhattan, tí ẹni tí kò bá ní ohun tí ó ń wá níbẹ̀ lè kọjá níwájú rẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún láì bojú wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó fà mí dé ibẹ̀. Ó wà lára àwọn ọmọdé tí ó kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Baba wa, tí kò mọ̀ ju oko kòkó lọ, a sì máa wí títí ó fi wọ káà ilẹ̀ pé bí kì í bá ṣe pé wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òun ni, ọmọbìnrin òun kì bá tí fojú kan ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Láti ibẹ̀ ni ìfẹ́ ìwé ti wọ̀ ọ́ lára bí aró ti í wọ aṣọ. Nígbà tí ó dàgbà, tí ó di aláṣọ ní Gbági, tí gbogbo ọjà ń pè é ní Ìyá Aláṣọ, ìwé kì í wọ́n lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Bí ọjà bá dá, a fa Bíbélì yọ, tàbí ìwé ìròyìn Yorùbá, a sì máa kà á sókè ketekete fún àwọn tí ìsọ̀ wọn súnmọ́ tirẹ̀. Ìka rẹ̀ sì gbọ́n. Bí ẹnì kan bá gbé léèsì wá, tí ó ń búra pé ojúlówó ni, ẹ̀gbọ́n mi kì í wò ó rárá. A di ojú, a fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ra etí aṣọ náà, a sì sọ irú ẹni tí ó hun ún. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìka yìí sọ́kàn, nítorí n óò padà sí i.

Ojú lọba ara, ṣùgbọ́n ọba yìí ní ọ̀tá kan tí kì í fọn fèrè kí ó tó wọ ìlú. Glaucoma ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Omi inú ẹyin ojú ni kì í rí ọ̀nà jáde bí ó ti yẹ, tí ó fi ń le koko nínú, tí ó sì ń pa iṣan tí ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Kì í dunni, kì í mú ojú pọ́n. Láti etí ni ó ti ń jẹ ìran bọ̀ wá sí àárín, bí ikán ti í jẹ ògiri láti ẹ̀yìn, tí onílé kò ní fura títí ilé yóò fi fẹ́ wó. Èyí tí ó bá ti lọ kì í padà. Èyí tí ó kù nìkan ni oògùn lè bá ni ṣọ́. Àwa ènìyàn dúdú ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì wà lára àwọn tí ó ń bá jà jù, a sì máa tètè bá wa ju bí ó ti ń bá àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í forí gbá férémù ìlẹ̀kùn, a ní ọjọ́ orí ni. Nígbà tí ó gba igba náírà lọ́wọ́ oníbàárà tí ó pè é ní ẹgbẹ̀rún, a rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run dárí jì wá. Kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, ojú òsì ti lọ, ti ọ̀tún sì kù bí ihò abẹ́rẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní New York, wá mú un lọ sọ́dọ̀, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń gbé ní Bronx.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, ti àwọn tí ń yẹ ìwé ìrìnnà wò, àti ti òtútù tí ó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tí ó ti rìn ín ṣáájú mi ti sọ ọ́ tó. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó kọjú sí ibi tí oòrùn ń gbà wọlé, Bíbélì rẹ̀ àtijọ́ sì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀ ní pípadé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jẹ́ kí àyà mi kan pákó ilẹ̀ gbì, kí ó lè gbọ́ ohun tí kò lè rí. Ó fi ọwọ́ wá orí mi, ó fi ọwọ́ tọ ojú mi láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ó ní, “Àbúrò mi, o ti rù.” Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí n ka Sáàmù fún òun. Mo kà á títí ohùn mi fi há. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “O ṣeun. Ṣùgbọ́n kíkà tìrẹ nìyẹn, kì í ṣe tèmi.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn.

Ilé ìkàwé kan wà ní Bronx tí wọ́n ń pè ní Bronx Library Center, ilé gíga onígíláàsì tí wọ́n ṣí ní ọdún 2006. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ pé wọ́n ń kó àwọn àgbàlagbà jọ níbẹ̀ láti na ara láì gba owó, ó sì ní kí a jọ mú ìyá òun lọ, kí eegun rẹ̀ má baà gan lórí àga. A débẹ̀ ní òwúrọ̀, a sì bá nǹkan bí ogún arúgbó tí wọ́n jókòó yíká, àwọn tí ń sọ èdè Sípéènì, àwọn ará Gánà, àwọn ènìyàn dúdú tí a bí ní ìlú náà, olúkúlùkù lórí àga rẹ̀. Obìnrin tí ń darí wọn ń wí pé, “Ẹ ṣe báyìí, ẹ tún ṣe báyìí,” ó sì ń fi ara rẹ̀ hàn wọ́n. Bí ó ti rí ọ̀pá funfun lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó dúró díẹ̀, kò sọ̀rọ̀ àánú kankan, kò sì gbé e lọ sí igun ọ̀tọ̀; ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé, “Ẹ gbé apá ọ̀tún sókè títí yóò fi kan etí yín, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí ẹ gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀.” Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń túmọ̀ èyí tí kò bá yé ìyá rẹ̀. Kí a tó parí, mo rí i pé àwọn tí ojú wọn dá ṣáṣá pàápàá ń ṣe é dáradára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èmi tí mo ti jẹ́ olùkọ́ láti ìgbà èwe mi, tí mo ti wí fún ọmọ tí kò ríran dáadáa pé kó “wo pátákó”, mo jókòó níbẹ̀, ojú sì tì mí.

Nígbà tí a ń jáde, òṣìṣẹ́ kan tí ó jókòó sídìí tábìlì ẹnu ọ̀nà bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ni ó fi ń kàwé. Kò béèrè bóyá ó ń kàwé o. Ohun tí ó fi ń kà á ni ó béèrè. Mo dá a lóhùn pé kò ríran tó láti kàwé mọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ fún ilé ìkàwé àwọn aláìríran jáde, ó kọ ọ́, ó sì buwọ́ lù ú fúnra rẹ̀, nítorí òfin gba ibi ìkówèésí láyè láti jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láì jẹ́ pé a kọ́kọ́ wá oníṣègùn lọ. Ó ní kì í ṣe àwọn tí kò ríran nìkan ni ilé ìkàwé náà wà fún: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tí kò lè di ìwé mú, ẹni tí lẹ́tà ń jó lójú rẹ̀ láti kékeré tí wọ́n ń pè ní olódo, gbogbo wọn ni ó ní ẹ̀tọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni a wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Manhattan. Bí mo bá yin ìlú yìí ní ibi tí ìyìn tọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó kù: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni kò ní ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn ròkè, ẹ̀gbọ́n mi sì ka àtẹ̀gùn lábẹ́lẹ̀ títí ó fi sú u. Ṣùgbọ́n bí a ti wọ ilé tí a ń lọ ní West 20th Street, ìnira ọ̀nà di ohun ìgbàgbé.

Andrew Heiskell Braille and Talking Book Library ni orúkọ ibẹ̀, ẹ̀ka kan ni nínú ilé ìkàwé gbogbogbòò ìlú New York, gbogbo ìlú náà àti Long Island ni ó sì ń sìn. Ọdún 1991 ni wọ́n ṣí ilé tí ó wà yìí, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1895, ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Richard Randall Ferry, tí ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tí ó ti dàgbà, ni ó dá ilé ìyáwèé ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1903 ni ilé ìkàwé ìlú sì gbà á mọ́ra. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin sí i pé kí ilé ìfìwéránṣẹ́ máa gbé ìwé àwọn afọ́jú láì gba owó sítáǹbù. Ní oṣù kẹta ọdún 1931, Ààrẹ Hoover buwọ́ lu òfin tí ó ní kí ilé ìkówèésí ńlá ti Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wọn máa ṣe ìwé fún àwọn àgbàlagbà tí kò ríran. Ọdún 1952 ni wọ́n fi àwọn ọmọdé kún un, ọdún 1966 ni wọ́n fi àwọn tí àìlera mìíràn kò jẹ́ kí wọ́n lè di ìwé mú kún un. Kí àwo orin tí ń pẹ́ kí ó tó tán tó gbilẹ̀ ní ọjà, àwọn afọ́jú Amẹ́ríkà ti ń gbọ́ ìwé lórí irú àwo bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1934. Ẹ̀yìn wọn ni ó tó kan ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ojú wa dá.

Àwa a máa rò pé ohun ọ̀fẹ́ ni ohun àánú, bí èyí tí a ń sọ sínú igbá alágbe. N kò rí igbá kankan níbẹ̀. Owó orí ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, owó orí bí irú èyí tí àwọn baba wa kùn sí nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kí ọmọ wọn tó lè kàwé. Ẹni tí ó wọlé kì í dúpẹ́ bí ẹni tí a ta lọ́rẹ. A wọlé, a sọ ohun tí ó fẹ́, a sì jókòó.

Olùkọ́ tí ó kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní Braille níbẹ̀ kò ríran. Ó ká ọ̀pá funfun rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó sì gbé páálí ẹyin oníhò mẹ́fà kalẹ̀, ihò mẹ́ta lósì, mẹ́ta lọ́tùn-ún, ó fi bọ́ọ̀lù kékeré kan sí ihò òkè lápá òsì, ó ní, “A nìyẹn.” Ó fi òmíràn sí abẹ́ rẹ̀, ó ní, “B nìyẹn.” Àmì mẹ́fà péré ni gbogbo ọ̀rọ̀ ayé wọ inú rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis Braille, tí a bí ní ọdún 1809, ni ó ṣe é. Oníṣẹ́ awọ ni baba rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ó wà nígbà tí ó fi irin ìlu baba rẹ̀ ṣeré tí irin náà gún un lójú. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó sì wà nígbà tí ó fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó bẹ́ẹ̀ tẹ àmì sára páálí, tí ó fi la ojú ìwé fún gbogbo àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́wàá àkọ́kọ́ kì í kọjá ihò mẹ́rin òkè. Mẹ́wàá tí ó tẹ̀lé e, bákan náà ni, a kàn fi àmì kan kún un nísàlẹ̀ lápá òsì.

Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ mú páálí gidi jáde, tí àmì orí rẹ̀ kò tóbi ju irúgbìn tẹ̀tẹ̀ lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀, ó rò pé ìka arúgbó kò ní lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi di ojú, bí ẹni pé ojú náà ṣì ń rí, ó fi ìka ìfábẹ̀lá ra ìlà náà lẹ́ẹ̀kan, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún rà á. Mo mọ ìwò yẹn. Gbági ni mo ti rí i, níwájú léèsì. “Èyí kì í ṣe ìyẹn,” ni ó wí, ó sì fi ìka lé b, ó fi ìka lé c. Olùkọ́ náà gbọ́ ohùn rẹ̀, kò sì dúró kí a túmọ̀ rẹ̀ kí ó tó rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi béèrè pé kí wọ́n ka lẹ́tà tó kù fún òun tẹ̀lé ara wọn. Nígbà tí wọ́n dé u àti v, tí wọ́n fo bọ́ sórí x, ó dá wọn dúró: “W ńkọ́? Ta ni ó lè kọ *ìwé* láì sí w?” Olùkọ́ náà ní òótọ́ ni, èdè Faransé ìgbà náà kò ní ohun tí ó ń fi w ṣe, nítorí náà ni kò fi sí nínú ètò àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ni a wá fi í kún un, ìdí nìyẹn tí ìrísí rẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. Ó ní òun yóò kọ́ ti w kẹ́yìn, òun yóò sì kọ́ ọ dáradára.

Yàrá kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ àwòrán di ohun tí a ń fọwọ́ bà. Ẹni tí ó dá ètò náà sílẹ̀, Chancey Fleet, tí ó ń ṣe kòkárí ẹ̀rọ fún àwọn aláìríran níbẹ̀, òun pàápàá kò ríran. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń yọ̀ǹda ara wọn láti kọ́ ènìyàn ní fóònù àti kọ̀ǹpútà ni kò ríran pẹ̀lú. Wọ́n fi àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà sí ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, tí etí òkun rẹ̀ yọ gedegbe. Ó fi ìka tọ etí òkun náà láti Sẹ̀nẹ̀gà bọ̀, títí ó fi bá ibi tí ilẹ̀ tẹ̀ wọnú, ó dúró níbẹ̀. “Ilé nìyí,” ni ó wí. Láti ìgbà tí olùkọ́ rẹ̀ ti fi igi nàka sí àwòrán ara ògiri ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò tún fi ọkàn sí àwòrán ilẹ̀ mọ́.

Kí n tó padà, àpótí pẹlẹbẹ kan ti dé ẹnu ọ̀nà wa ní Bronx: ẹ̀rọ tí ń kàwé sókè, tí bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ìka kò fi lè ṣì í, àti ìwé nínú ike kékeré. Bí ó bá gbọ́ ọ tán, yóò yí káàdì ara àpò rẹ̀ padà sódì, yóò fún afìwéránṣẹ́, kò sí sítáǹbù kankan. Bí ó bá pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ìtanràn. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni àwọn ilé ìkàwé ìlú náà ti fòpin sí owó ìtanràn fún gbogbo ènìyàn. Mo fi í sílẹ̀ níbi tí ó ti ń bó iṣu, tí ìwé ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èyí kì í ṣe ohun tí ó jìnnà sí wa tí ọwọ́ kò lè tó. Ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli ní Sùúrùlérè ti ń fi Braille kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran láti ọdún 1962, a sì ń fi Braille kọ Yorùbá. Òfin tí ó dáàbò bo àwọn aláìlera ní orílẹ̀-èdè wa gba ìbuwọ́lù Ààrẹ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ó sì fún gbogbo ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti la ọ̀nà fún ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn. Ọdún márùn-ún náà ti pé. Àdéhùn Marrakesh ti ọdún 2013, tí Nàìjíríà náà ti wọ̀, gbà wá láyè láti sọ ìwé di ohùn tàbí Braille fún àwọn aláìríran láì tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, kí a sì fi ránṣẹ́ kọjá ààlà. Ẹ̀yin tí ilé ìkàwé wà níkàáwọ́ yín ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Àkúrẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí pẹpẹ kan àti ẹnì kan tí ó mọ̀ ọ́n, kí ẹni náà sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wọlé pé kí ni ó fi ń kàwé.

Ní ọjọ́ tí mo ń bọ̀ wá sílé, ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú, ó ní àìsàn yìí a máa rìn nínú ìdílé, kí n búra fún òun pé n óò lọ yẹ ojú mi wò. Mo búra. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé Ìbàdàn ni mo lọ; oníṣègùn wọn líle ojú mi, ó sì ní ó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tí ì jẹ nǹkan kan lọ. Oògùn rẹ̀ ni mò ń kán sí ojú láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ lọ yẹ tiyín náà wò.